Bẹ́ ẹ ṣe lè tún kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ ní yunifásítì ṣe, láti inú kíláàsì títí dé Sẹ́nétì

Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yín síṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé kọ́ọ̀sì kan lé yín lọ́wọ́ nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí sẹ̀mẹ́sítà wọlé, wọ́n á fi sílàìdì ẹni tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa bá a lọ, ó parí. Ẹ dé kíláàsì, ìdajì àwọn ọmọ ń wo fóònù, ìdajì tó kù ń da gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ kọ bí akọ̀wé kóòtù, ẹ wá ń sọ lọ́kàn yín pé àwọn ọmọ ìsinyìí ò fẹ́ràn ìwé. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n fi mí sínú kọmítì tó ń rí sí sílábọ́ọ̀sì lojú mi tó là, mo wá rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń bí mi nínú ní kíláàsì, orí bébà ni wọ́n ti pinnu ẹ̀, nínú yàrá kan tí mi ò dé rí, nígbà témi fúnra mi ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní kọ́ yín níbí bẹ́ ẹ ṣe máa dá àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín tàbí bẹ́ ẹ ṣe máa lo projẹ́tọ̀. Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ni mo fẹ́ sọ, èyí tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́la láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti èyí tó jẹ́ pé ó dandan kó gba iwájú àwọn àgbà kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé ẹ̀ rí

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sílàìdì kankan, ẹ lọ bá akọ̀wé dìpáátímẹ́ǹtì, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yẹn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú sórí íntánẹ́ẹ̀tì o, ìwé náà gan-an tó gba ọwọ́ Sẹ́nétì kọjá, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ máa rí iye kírẹ́díìtì ẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa rí ohun tó yẹ kí ọmọ lè ṣe tó bá kọ́ ọ tán, ìdá tí ìdánwò ìparí máa kó nínú máàkì, àti ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Mo ti rí èyí tó sọ pé dandan ni kí ọmọ fi àsáínmẹ́ǹtì ẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kó tó gbé e wá, nígbà tó jẹ́ pé kò sí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo mọ́ nínú ilé náà tó lè gba dísíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ kúrò torí ẹnikẹ́ni ò kà á.

Ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí èèyàn púpọ̀ rò pé nọ́ńbà lásán ni, wákàtí ni o. Ẹ jẹ́ ká fi ti Yúróòpù ṣàpẹẹrẹ, ìṣirò tiwọn hàn kedere. ECTS, ètò tí wọ́n fi ń ka kírẹ́díìtì lọ́hùn-ún, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989 torí àwọn ọmọ tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ kàwé lórílẹ̀-èdè míì, òun náà ni Ìlànà Bologna ti 1999, àdéhùn láti mú kí ètò ẹ̀kọ́ gíga wọn bára mu, gbé wọ yunifásítì orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ́hùn-ún, ó ní kírẹ́díìtì 60 lọmọ máa ṣe lọ́dún kan gbáko, kírẹ́díìtì kan sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Ó dáa, ká ní kọ́ọ̀sì yín jẹ́ kírẹ́díìtì 5, wákàtí 125 sí 150 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn ní wákàtí 3 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 14, 42 péré lẹ lò. Wákàtí 83 ló kù ó kéré tán, ó sì lè tó 108. Kí làwọn ọmọ ń fi ṣe? Tí ètò tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi iye tiyín ṣírò ẹ̀, ìbéèrè kan náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun pàtó tẹ́ ẹ ní kọ́mọ ṣe lẹ́yìn kíláàsì lọ́sẹ̀ yẹn àti iye wákàtí tó máa gbà á. Ẹ má kọ «kó lọ kàwé» síbẹ̀ o, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ìgbà témi ṣe tèmi ojú tì mí, ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹfà òfìfo ni, àsáínmẹ́ǹtì kan ṣoṣo wà lọ́sẹ̀ keje, gbogbo ẹrù tó kù wà lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó kángun sí ìdánwò. Àwọn ọmọ tí mo ń pè ní ọ̀lẹ, mi ò fún wọn níṣẹ́ kankan ṣe, kí ni wọn ì bá máa ṣe tí kì í bá ṣe pé kí wọ́n máa wo fóònù?

Ìdánwò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa rìn bọ̀ wá sẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé orí kìíní ìwé la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa kọ́ ọ lọ títí, tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan la ó sáré wá ìbéèrè ìdánwò. Ẹ yí i padà. John Biggs ni ọ̀gbẹ́ni tó fún un lórúkọ lọ́dún 1996, constructive alignment ló pè é, kò sì ju pé kí ohun mẹ́ta bára wọn mu: ohun tẹ́ ẹ ní ọmọ máa lè ṣe, ohun tẹ́ ẹ ń mú kó ṣe ní kíláàsì, àtohun tẹ́ ẹ máa fi dán an wò. Ó dún bí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, àmọ́ ẹ gbé ìwé kọ́ọ̀sì yín àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ wò ó. Tèmi sọ pé ọmọ máa lè «yẹ ẹ̀rí wò kó sì sọ ibi tó mẹ́hẹ». Ìbéèrè kìíní nínú ìdánwò mi: «Ka nǹkan márùn-ún tó...» Ọmọ ò gọ̀. Ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n ti mọ̀ pé kíka nǹkan márùn-ún lọ̀rọ̀ wà, ohun tí mo kọ sójú ewé kìíní ò kàn wọ́n.

Ẹ fà á jáde báyìí: ẹ kọ ìbéèrè ìdánwò mẹ́ta tó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ní tòótọ́, ẹ dáhùn wọn fúnra yín láìṣíwèé, kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé kí ni mo ṣe nínú ìdáhùn yẹn? Mo fi nǹkan méjì wéra, mo ju ẹ̀rí kan nù, mo ṣírò nǹkan, mo yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Àwọn ìṣe yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí ò bá ṣẹlẹ̀ rí kọ́jọ́ ìdánwò tó pé, a ò tíì kọ́ ọ nìyẹn, ó ń bẹ lórí sílàìdì lásán.

Nínú kíláàsì, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù

Mi ò ní kẹ́ ẹ dákẹ́ rárá. Àlàyé tó mọ́ gaara látẹnu ẹni tó gbọ́n nǹkan, kò sóhun tó dà bí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọn ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e ni wàhálà. Lọ́dún 2014, Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n fi kíláàsì tí olùkọ́ ń dá sọ̀rọ̀ wé èyí táwọn ọmọ ti ń ṣe nǹkan. Nínú ti àkọ́kọ́, ìdá 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló fìdí rẹmi, nínú ti ìkejì 21.8. Ẹ ro iye ọmọ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn nínú kíláàsì tiyín.

Ọ̀nà tí mo máa sọ pé kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Eric Mazur, tó ń kọ́ físíìsì ní Harvard, àtìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló ti ń lò ó. Ẹ ṣàlàyé nǹkan kan, kó má pẹ́. Ẹ gbé ìbéèrè kan sójú pátákó, ìdáhùn mẹ́rin. Kí wọ́n ronú fún ìṣẹ́jú kan láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí kálukú wá dìbò. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ ìdìbò ó dáa, tẹ́ ò bá ní, kí wọ́n fi ìka sí àyà, ìka kan fún ìdáhùn kìíní, ìka méjì fún ìkejì, àyà o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n nawọ́ sókè, torí bí wọ́n bá nawọ́ sókè, ẹni tó gbọ́n jù ní iwájú ni gbogbo wọn máa wò. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà wà láàárín nǹkan bí 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ má sọ ìdáhùn, ẹ ní kí kálukú wá ẹni tí ìdáhùn ẹ̀ yàtọ̀ sí tiẹ̀, kí wọ́n fà á fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tún ìbò dì. Ariwo máa sọ! Ariwo tó dáa nìyẹn. Tí àwọn tó gbà á bá kéré sí 30, àlàyé yín ni ò yé wọn, ẹ lọ gba ọ̀nà míì ṣe é. Tó bá ju 70 lọ, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Gbogbo agbára ọ̀nà yìí, inú ìdáhùn tí ò tọ̀nà ló wà. Tó bá jẹ́ ìdáhùn tí ò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ lẹ kọ síbẹ̀, eré lásán ni. Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí èyí tó dáa ni bébà ìdánwò ọdún tó kọjá, ẹ ṣí i, ẹ ka bí ogójì nínú ẹ̀, ẹ kọ àṣìṣe tó ń tún ara ẹ̀ ṣe sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbà mí, mo rí ìbéèrè 22, mo ṣì ń lò wọ́n dòní.

Ohun kan rèé tí wọn ò sọ fún mi ṣáájú: àwọn ọmọ lè má fẹ́ ẹ. Ìwádìí kan wà ní Harvard lọ́dún 2019, ti Louis Deslauriers àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ṣiṣẹ́ ní kíláàsì mọ nǹkan ju àwọn tó jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aládùn lọ, síbẹ̀ ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ pé àwọn ò kọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ìrònú máa ń rẹ èèyàn, àlàyé tó ń ṣàn geere sì máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà lọ́jọ́ kìíní ẹ sọ fún wọn, ẹ ní ó máa rẹ̀ yín, ó máa dà bíi pé ẹ ò mọ nǹkan, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tẹ́ ò bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta ni aṣojú kíláàsì máa lọ bá HOD, olórí dìpáátímẹ́ǹtì, pé tíṣà yìí kì í kọ́ wa, àwa là ń kọ́ ara wa.

Tẹ́ẹ̀sì kéékèèké, kó pọ̀

Roediger àti Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan kà, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 nìyẹn. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn kan sì pa á dé kí wọ́n gbìyànjú láti rántí ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù, 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pa á dé 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó yí padà, àwọn tó pa á dé ṣì rántí 56, àwọn tó tún un kà 42. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi máa ń jáde nínú yàrá ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la pẹ̀lú ìgboyà, tí gbogbo ẹ̀ á sì ti fò lọ kí oṣù tó parí.

Fún yín, ìtumọ̀ ẹ̀ ni tẹ́ẹ̀sì ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta: ọ̀kan látinú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan látinú ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀. Kí máàkì ẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé kò ní í tó ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ jí ìwé wò, àmọ́ kó tó ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ wá. Ẹ yọ méjì tó burú jù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí ara lè má yá ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ìdáhùn fún wọn lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbé e dé ọ̀sẹ̀ kejì.

Ibí yìí gan-an ni mo ti kọlu ògiri, torí ìwé kọ́ọ̀sì mi sọ pé ìdánwò ìparí ló ni 80 nínú máàkì, àsáínmẹ́ǹtì kan ṣoṣo ló ni 20. Kò síbi tí mo lè fi tẹ́ẹ̀sì sí. Mo lè máa ṣe é láìní máàkì, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà kan, lọ́sẹ̀ kẹjọ àwọn mẹ́rìndínlógún ló ń wá nínú igba. Ọ̀rọ̀ ti di ti kọmítì nìyẹn.

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ AI

Kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó lè bá èèyàn kọ àròkọ, ti jáde ní oṣù kọkànlá 2022, àsáínmẹ́ǹtì tọ́mọ máa gbé lọ sílé kọ tó máa gbé e padà wá, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí ọmọ mọ̀ fún yín mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ẹ̀rọ tó ní àwọn lè dá ọ̀rọ̀ AI mọ̀ o. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an ṣe ọ̀kan, oṣù keje 2023 ni wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ torí kò péye. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Stanford kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fọwọ́ ara wọn kọ, wọ́n kó o fún ẹ̀rọ méje, èyí tó ju ìdajì lọ làwọn ẹ̀rọ yẹn ń pè ní iṣẹ́ AI. Tẹ́ ẹ bá fi èsì ẹ̀rọ nìkan gbé ọmọ lọ síwájú kọmítì ìbáwí, ẹ lè ba ayé aláìṣẹ̀ jẹ́. Ohun témi ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ọ́ sórí ìwé àsáínmẹ́ǹtì gan-an, ibi tí wọ́n ti lè lò ó àti ibi tí wọn ò ti gbọdọ̀ lò ó, mo máa ń gba iṣẹ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì kó tó di òdidi, mo sì máa ń pe ìdá kan lára wọn wá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, «ṣàlàyé ìpínrọ̀ kẹta yìí fún mi». Ìṣẹ́jú kejì lẹ ti mọ̀.

Báyìí, ọ̀nà Sẹ́nétì

Yunifásítì púpọ̀ ló ní ilé ìpinnu méjì, àwọn olùkọ́ tuntun sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ, tí wọ́n ń pè ní Council níbi púpọ̀, ló ni owó, ilẹ̀, ilé, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jẹ gíwá. Sẹ́nétì ló ni ẹ̀kọ́: kọ́ọ̀sì, ìdánwò, ta ló wọlé, ta ló gboyè. Orúkọ lè yàtọ̀, ibòmíì sì wà tí ilé kan ṣoṣo ń ṣe méjèèjì, àmọ́ ẹ mọ èyí tí ọ̀rọ̀ yín wà níwájú ẹ̀. Ẹ ò lè lọ bẹ Sẹ́nétì pé kí wọ́n ra àga. Ìjà lórí ta ló ni kíláàsì kì í sì í ṣe tòní. Ní yunifásítì Bologna ní Ítálì, tí wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sí 1088, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló lágbára lórí àwọn olùkọ́, àwọn ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, olùkọ́ tó bá pẹ́ dé máa sanwó ìtanràn. Ní Paris, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ló ń pàṣẹ. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ìpàdé tí aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ àti díìnì ti ń fọ̀rọ̀ gún ara wọn, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jà á.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì rẹ́jísítrà irú àyípadà tí tiyín jẹ́. Àwọn kan wà tí olùkọ́ lè dá ṣe, bí i ìwé kíkà, ètò ọ̀sẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn kan ò kọjá dìpáátímẹ́ǹtì tàbí fákọ́lítì. Àwọn kan, bí i iye kírẹ́díìtì, orúkọ kọ́ọ̀sì, ìwọ̀n ìdánwò níbi púpọ̀, Sẹ́nétì lẹ máa gbé e lọ. Abèèrè kì í ṣìnà, mo mọ ẹnì kan tó fi ọdún kan gbáko dúró de ìyọ̀ǹda fún nǹkan tí ò nílò ìyọ̀ǹda kankan.

Lẹ́yìn náà, kàlẹ́ńdà. Ẹ gba déètì gbogbo ìpàdé ọdún yẹn, kẹ́ ẹ kà á láti ẹ̀yìn wá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá wọlé, Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì, kọmítì kíríkúlọ́mù gbọ́dọ̀ ti rí i kí Sẹ́nétì tó rí i, fákọ́lítì ṣáájú ìyẹn, dìpáátímẹ́ǹtì ṣáájú ìyẹn, ìpàdé kọ̀ọ̀kan sì ń gba bébà ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ máa rí i pé àná ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Bébà yín, ojú ewé méjì ni, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà àkọ́kọ́ témi gbé tèmi lọ, pé kí wọ́n dín ìdánwò ìparí kù láti 80 sí 50 kí tẹ́ẹ̀sì lè rí 30, ojú ewé mọ́kànlá ni mo kọ, mo kó gbogbo ìwádìí ayé síbẹ̀, Freeman, Roediger, gbogbo wọn. Wọ́n tẹ́tí sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ni àgbà kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì bá béèrè pé, «Igba ọmọ, tẹ́ẹ̀sì mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún méjì bébà, ta ló máa máàkì ẹ̀?» Ẹnu mi wọlé. Wọ́n ní kí n lọ tún un ronú. Inú bí mi fún oṣù kan, mo ní wọn ò fẹ́ ìlọsíwájú, àmọ́ ìbéèrè gidi ni bàbá yẹn béèrè, èmi ni mo ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Ìkejì, ojú ewé méjì. Ìpínrọ̀ kan lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí: iye ọmọ tó fìdí rẹmi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nọ́ńbà tiwa, kì í ṣe ti Harvard. Ìlà méjì lórí ohun tí mo fẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa yọ kúrò nínú ìwé kọ́ọ̀sì àti èyí tó máa rọ́pò ẹ̀, mo kọ ọ́ bí wọ́n á ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Ìpínrọ̀ kan lórí wákàtí: ìbéèrè a-yan-ìdáhùn lórí kọ̀ǹpútà ni tẹ́ẹ̀sì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ̀rọ máa máàkì ẹ̀, méjì tó kù jẹ́ kíkọ, ìdánwò ìparí á sì dín ìbéèrè méjì, nítorí náà wákàtí máàkì ò lé. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn lórí ẹni tó lè pa lára: àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tí wọn ò lè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ohun tá a máa ṣe fún wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí nínú ìpàdé, ẹnì kan máa béèrè ẹ̀, ó sì dáa kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ lọ bá àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn o, iṣẹ́ ìpàdé gan-an nìyẹn. Alága ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín máa wà lórí ajẹ́ńdà, ohun tó bá wà lókè wọ́n máa jiyàn lé e lórí, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ebi á ti máa pa wọ́n. Ẹni tó takò yín nígbà tó kọjá, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ gbé bébà tuntun fún un kẹ́ ẹ ní «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, ìbéèrè yín ni mo fi tún un kọ». Bàbá yẹn bu àmì sí ibi méjì fún mi, lọ́jọ́ ìpàdé òun ló gbé e kalẹ̀. Aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ bá òun náà sọ̀rọ̀, kó bi àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ léèrè kó tó wá, torí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ nínú ìpàdé pé àwọn fẹ́ tẹ́ẹ̀sì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo yàrá máa dákẹ́ roro. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà wọ́n láti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀.

Ká ní wọ́n kọ̀ ọ́, ẹ má ju bébà náà nù. Cohen, March àti Olsen kọ̀wé kan ní 1972, wọ́n fi ìpinnu ní yunifásítì wé agolo ìdalẹ̀nù, ìṣòro wà nínú ẹ̀, ojútùú wà nínú ẹ̀, èèyàn ń wọlé wọ́n ń jáde, èyí tó bá pàdé ara wọn lásìkò kan náà ló máa di ìpinnu. Ẹni tó bá ti jókòó nínú kọmítì rí máa mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn tó ń wá ṣàyẹ̀wò yunifásítì máa sọ pé ọmọ tó ń fìdí rẹmi ti pọ̀ jù, tí díìnì á máa sáré wá ohun tó máa fi dáhùn. Kí bébà yín ti wà nínú fáìlì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i

Ẹ gba mínítì ìpàdé yẹn, kẹ́ ẹ ka ìpínrọ̀ tiyín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbà 50 lẹ́nu, tí mínítì wá sọ pé «wọ́n gba àbá náà wọlé fún àgbéyẹ̀wò», ìyẹn jẹ́ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti máa ń fọwọ́ sí mínítì, ibẹ̀ lẹ ti lè tètè tún un ṣe, tó bá ti kọjá ó máa ṣòro.

Láàárín sẹ̀mẹ́sítà, bí i lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí bébà tí ò ní orúkọ: kí ló ń ràn yín lọ́wọ́, kí ló ń dí yín lọ́wọ́, wákàtí mélòó lẹ lò lórí kọ́ọ̀sì yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ka á lọ́jọ́ yẹn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa yí padà fún wọn ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì sọ èyí tẹ́ ò ní í yí padà àti ìdí ẹ̀. Èyí sàn ju fọ́ọ̀mù ìparí sẹ̀mẹ́sítà tí wọ́n fi ń fún olùkọ́ ní máàkì lọ. Lọ́dún 2017, Bob Uttl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún kó àwọn ìwádìí lórí irú fọ́ọ̀mù yẹn yẹ̀ wò, wọn ò rí i pé àwọn ọmọ ń mọ̀ ọ́n jù lọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọ́n fún ní máàkì tó ga. Tí HOD bá fi fọ́ọ̀mù yẹn nìkan pè yín lẹ́jọ́, ẹ gbé èsì tẹ́ẹ̀sì àwọn ọmọ dání lọ.

Ohun tó kù ni pọ́tà, ìyẹn ojú òpó yunifásítì lórí íntánẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ ti ń wo kọ́ọ̀sì wọn. Ẹ wọlé sórí ẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ojú ewé kọ́ọ̀sì yín. Ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí tèmi, ìdánwò ìparí ṣì ń jẹ́ 80 níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn ọmọ mẹ́ta ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn pé mò ń ṣe ohun tí kò sí nínú òfin, ohun tí pọ́tà sọ ni wọ́n sì gbà gbọ́. Ẹ fi ẹ̀dà mínítì ránṣẹ́ sí rẹ́jísítrà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, kẹ́ ẹ tún lọ síbẹ̀ fúnra yín lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.